Òkè Kì í Ṣe Ìwọ̀n Lásán: Àríyànjiyàn Lórí Orúkọ Àwọn Ọ̀nà Ọgbà Àjàrà Mosel

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé atọ́nà tí a kọ fún àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ àti àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn ní àfonífojì odò Mosel ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ohun mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé: iye kìlómítà tí ọ̀nà gùn, iye mítà tí a óò gòkè, àti ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni òkè náà fi dagẹ̀rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ìwé yóò sọ ibi tí a ti lè jẹun àti ibi tí a ti lè sùn. Orúkọ òkè wà níbẹ̀ bí àkọlé lásán. Ẹni tí ó sọ ọ́, èdè tí ó fi sọ ọ́, àti ohun tí ó rí kí ó tó sọ ọ́, kò sí níbẹ̀ rárá.

Èrò tí ó fara sin lẹ́yìn irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àròkọ yìí dìde láti tako. Èrò náà ni pé òkè jẹ́ ohun tí a ń wọ̀n, pé orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí a lè bọ́ sọ́tọ̀ láìjẹ́ pé òkè náà pàdánù ohunkóhun. Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ ni pé ní Mosel, iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀ ni ó bí ọ̀nà, èdè àgbẹ̀ ni ó sì bí orúkọ ọ̀nà. Ìyá kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá gbàgbé orúkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé iṣẹ́, ibi tí a bá sì ti gbàgbé iṣẹ́, ọ̀nà kì í pẹ́ tí igbó fi ń bò ó. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àgbẹ̀ àjàrà Mosel wo òkè dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ó tọ́ kí ẹni tí ń gùn ún náà wo orúkọ rẹ̀ dáadáa.

Odò náà àti àwọn òkè rẹ̀

Orí àwọn òkè Vosges ní ilẹ̀ Faransé ni odò Mosel ti ṣẹ̀. Ó di ààlà láàárín Luxembourg àti Jámánì, ó kọjá ní ìlú Trier, ó sì ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ láàárín ilẹ̀ òkè Eifel ní àríwá àti ilẹ̀ òkè Hunsrück ní gúúsù títí tí ó fi wọ inú odò Rhine ní ìlú Koblenz. Gbogbo gígùn rẹ̀ lé ní 540 kìlómítà. Láàárín Trier àti Koblenz, omi náà ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn gidigidi. Òkúta síléètì, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọ nǹkan sí nígbà kan rí, ni ó pọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Òkúta yìí a máa gba ooru oòrùn ní ọ̀sán, a sì máa tú u sílẹ̀ ní òru. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí gúúsù tún ń rí oòrùn ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Nǹkan méjì yìí ni ó jẹ́ kí èso àjàrà tí a ń pè ní Riesling lè pọ́n ní ilẹ̀ tí òtútù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun náà ni ó sì mú kí àwọn ènìyàn gbin àjàrà sí ibi tí ewúrẹ́ pàápàá yóò ti rọra gbé ẹsẹ̀.

Fún arìnrìn-àjò, ilẹ̀ yìí pé. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí a ń pè ní Moselsteig, tí a ṣí ní ọdún 2014, gùn tó 365 kìlómítà láti Perl títí dé Koblenz, a sì pín in sí ìpele ìrìn 24. Fún oníkẹ̀kẹ́, ọ̀nà etí odò tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gòkè díẹ̀díẹ̀ lè gba ọ̀nà Maare-Mosel, tí ó gba ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ láàárín Daun àti Bernkastel-Kues. Ẹni tí ó bá ń wá ìnira ni yóò yà sí àwọn ọ̀nà kọnkéré tí ó gba àárín ọgbà àjàrà lọ sókè, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń gbóná tí èémí sì ń kúrú.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn òkè náà ni Calmont, láàárín Bremm àti Ediger-Eller, níbi tí odò ti ká bí ejò. Ó fi nǹkan bí 290 mítà ga ju odò lọ. Ọ̀nà tóóró kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a fi okùn irin, àkàbà àti ìṣó irin ràn lọ́wọ́ kí ènìyàn lè kọjá. Ní àwọn ibì kan, ẹ̀gbẹ́ òkè náà dagẹ̀rẹ́ tó dígíríì 65. Ibí yìí gan-an ni ó ti yẹ kí a bi àwọn olùfẹ́ ìwọ̀n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí pé a sábà máa ń da dígíríì pọ̀ mọ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Òkè tí ó dagẹ̀rẹ́ ní dígíríì 45 ni ó jẹ́ ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé mítà kan ni ènìyàn ń gòkè fún mítà kan tí ó bá sún síwájú. Dígíríì 65 lé ní ìdá 200. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé láti ìdá 30, tí kò tó dígíríì 17, ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn àjàrà ti ń ka ọgbà sí ọgbà òkè líle. Ìwọ̀n náà, èdè ni. Ó ní gírámà tirẹ̀, ó sì lè ṣi ẹni tí kò gbọ́ ọ lọ́nà.

Èdè tí ń sọ nǹkan di ńlá àti èdè tí ń sọ ọ́ di kékeré

Èdè eré ìdárayá a máa sọ nǹkan di ńlá. Ọgbà tí ó dagẹ̀rẹ́ jù lọ ní Yúróòpù, ọ̀nà tí ó le jù lọ, ibi ìwòye tí ó rẹwà jù lọ: báyìí ni a ṣe ń polówó àfonífojì yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ fún ilẹ̀ wọn, òdìkejì gan-an ni a óò gbọ́. Ní abúlé Erden, ọgbà àjàrà kan wà tí ó ṣòro dé tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti ṣe àtẹ̀gùn òkúta fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó lè dé ìdí àjàrà wọn. Orúkọ rẹ̀ ni Treppchen. Treppe ni àtẹ̀gùn ní èdè Jámánì. -Chen tí ó wà ní ìparí rẹ̀ jẹ́ àfòmọ́ ìparí tí ń sọ ohun di kékeré. Àtẹ̀gùn kékeré ni wọ́n pe ohun tí ń mú kí àyà àlejò já. Ní Piesport, ọgbà tí ó lókìkí jù ni Goldtröpfchen, ẹ̀kán wúrà kékeré. Àfòmọ́ kan náà ni ó parí rẹ̀. Odò fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀. Mosella ni àwọn ará Róòmù pè é, -ella sì jẹ́ àfòmọ́ ìparí èdè Látìn tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Mosa ni odò ńlá tí àwọn Faransé ń pè ní Meuse. Nítorí náà, Mosa kékeré ni ìtumọ̀ Mosel.

Èdè méjì tí kò bára wọn tan pẹ́kípẹ́kí, tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sì wà láàárín wọn, ni ó fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀. Ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ kàn lójoojúmọ́ ni ó ń fún ní orúkọ ìkẹ́. Ẹni tí ń wá sí òkè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fẹ́ kí òkè náà tóbi, kí ìròyìn rẹ̀ lè dùn nígbà tí ó bá padà délé. Ẹni tí ń gùn ún láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ alẹ́, tí ó ń gbé èso àjàrà sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀yìn ara rẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé òkè ga.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti Wehlen. Ní ọdún 1842, Jodocus Prüm ṣe aago oòrùn sí ara òkúta láàárín ọgbà àjàrà tí ó wà ní òdìkejì odò sí abúlé náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè mọ àkókò. Láti ara aago yìí ni ọgbà náà ti gba orúkọ Sonnenuhr tí gbogbo ayé ọlọ́tí wáìnì mọ̀ lónìí. Ẹlẹ́sẹ̀ tí ń kọjá níbẹ̀ yóò dúró, yóò ya fọ́tò, yóò sì tún wo aago ọwọ́ ara rẹ̀ láti mọ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Aago méjì ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà. Ọ̀kan ń sọ iye wákàtí tí ó kù kí iṣẹ́ tó parí. Èkejì ń sọ bí ara olówó rẹ̀ ti le tó. Ìwé atọ́nà tí ó bá sọ ti èkejì nìkan ti fi ìdajì òtítọ́ pamọ́.

Ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ń fẹsẹ̀ rìn

Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí gba orí ìpele èdè mẹ́ta kọjá, ọ̀kan lórí èkejì, bí ìgbà tí a to síléètì lé ara wọn. Èdè àwọn Kelt ni ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ jù. Ẹ̀yà Treveri, tí wọ́n wà níbẹ̀ kí àwọn ará Róòmù tó dé, ni orúkọ wọn ṣì wà lára Trier. Neumagen wá láti ara Noviomagus, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Kelt, tí ó sì túmọ̀ sí pápá tuntun tàbí ọjà tuntun. Lórí ìyẹn ni èdè Látìn wà. Koblenz ni Confluentes, ibi tí odò ti pàdé. Zell ni cella, yàrá ìpamọ́. Ní Neumagen, ní ọdún 1878, a hú òkúta ibojì kan tí a gbẹ́ ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àgbá wáìnì. Ó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Trier títí di òní. Ní ìsàlẹ̀ òkè Goldtröpfchen ní Piesport, ní ọdún 1985, a rí ìfúntí ńlá kan tí ó jẹ́ ti ìgbà àwọn ará Róòmù. Ní nǹkan bí ọdún 371, akéwì Ausonius ti kọ ewì gígùn kan ní èdè Látìn lórí odò yìí, ọgbà àjàrà sì wà nínú ohun tí ó yìn.

Ìpele kẹta ni èdè Jámánì, ẹ̀ka-èdè tí a ń sọ níbẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Moselfränkisch. Àwọn tí ó ń sọ ọ́ dé bá iṣẹ́ àjàrà tí ó ti gbilẹ̀, wọ́n sì yá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Wein wá láti ara vinum, Keller láti ara cellarium, Most láti ara mustum, Winzer, ìyẹn àgbẹ̀ àjàrà, láti ara vinitor. Kelter, tí ó jẹ́ ìfúntí, wá láti ara calcatorium, ibi tí a ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan. Ọ̀rọ̀ àyálò yìí ṣì ń sọ pé ẹsẹ̀ ènìyàn ni a fi ń fún àjàrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí. Ní agbègbè Trier, àwọn kan ṣì ń sọ èdè tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Látìn títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá tàbí ìkọkànlá, nígbà tí gbogbo àyíká wọn ti ń sọ Jámánì. Èdè wọn ti kú. Orúkọ ọgbà àti orúkọ irinṣẹ́ wọn kò kú.

Calmont ni ó fi ìṣòro ìmọ̀ yìí hàn jù. Àwọn kan ní Látìn ni, pé calidus mons, òkè gbígbóná, ni. Àwọn mìíràn ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti Kelt ni, pé ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ àpáta tàbí ohun líle ni ó wà níbẹ̀. Ìjà yìí kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìtumọ̀ méjèèjì ń sọ: ọ̀kan ń sọ nípa ooru tí ó ń mú èso pọ́n, èkejì ń sọ nípa òkúta tí ó ń gba ooru náà pamọ́. Èyí tí ó wù kí ó jàre nínú wọn, àgbẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Dígíríì 65 kò lè sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì fún wa.

Òfin tí ó la ọ̀nà, tí ó sì lé orúkọ

Ó yẹ kí a sọ bí àwọn orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, nítorí pé kì í ṣe ogun tàbí àìmọ̀wé ni ó fà á. Nítorí pé gbogbo ọmọ ni ó ń pín ogún ilẹ̀ dọ́gba láti ìran dé ìran, ilẹ̀ àjàrà ti di wẹ́wẹ́. Ní ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ìjọba ṣe ètò àtúntò ilẹ̀: a kó ilẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀, a wó ọ̀pọ̀ ògiri òkúta, a sì la ọ̀nà kọnkéré kí katakata lè gòkè. Lẹ́yìn èyí ni òfin wáìnì ọdún 1971 dé. Kí ó tó dé, orúkọ ọgbà tí a ń lò ní gbogbo Jámánì lé ní 20,000. Nígbà tí ó ṣiṣẹ́ tán, nǹkan bí 2,600 péré ni ó kù tí a lè kọ sára ìgò. Òfin náà ní kí ọgbà tí yóò ní orúkọ tirẹ̀ tóbi tó hẹ́kítà márùn-ún, àyàfi níbi tí a bá ti fún un ní àyè. Àwọn ọgbà kéékèèké tí kò tó bẹ́ẹ̀ ni a tì sábẹ́ orúkọ aládùúgbò tí ó lókìkí jù wọ́n lọ.

Àwọn tí ó ṣe òfin náà sọ pé kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn fún olùrà ni. Ẹ wo irú ìrọ̀rùn tí ó mú wá. Òfin náà dá irú orúkọ kejì sílẹ̀, èyí tí ó bo ọ̀pọ̀ ọgbà àti ọ̀pọ̀ abúlé mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Piesporter Goldtröpfchen jẹ́ ọgbà kan pàtó ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Piesporter Michelsberg jẹ́ orúkọ gbogboogbò tí ó kó ilẹ̀ àwọn abúlé mìíràn mọ́ Piesport, títí kan ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Lójú olùrà tí ó wà ní òkèèrè, ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Orúkọ abúlé tí àwọn baba ńlá fi òógùn wá ti di aṣọ àyálò fún ilẹ̀ tí kò ní òkè. Ní ọdún 2007, òfin tún yí orúkọ gbogbo agbègbè náà padà láti Mosel-Saar-Ruwer sí Mosel nìkan. Odò Saar àti odò Ruwer ṣì ń ṣàn, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti kúrò lára orúkọ agbègbè, nítorí pé orúkọ kúkúrú ni ó yá láti tà.

Ibí yìí ni oníkẹ̀kẹ́ ti ní láti dúró mí díẹ̀. Ọ̀nà kọnkéré tí ó ń gùn, tí ó ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wọ̀n, wá láti inú ìgbà kan náà tí ó lé orúkọ àwọn ilẹ̀ kéékèèké sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kí a hú kọnkéré náà kúrò. Àgbẹ̀ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń jẹ àǹfààní ọ̀nà náà jẹ ẹ́ ní gbèsè pé kí ó béèrè ohun tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí àwọn alátakò ń sọ

Wọ́n ní ìwọ̀n a máa gba ẹ̀mí là. Òtítọ́ ni. Ẹni tí orí rẹ̀ ń yí ní ibi gíga kò gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ Calmont láìmọ̀ bí ó ti dagẹ̀rẹ́ tó. Kò sí ẹni tí ó ní kí a pa ìwọ̀n tì. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí ó dá nìkan jókòó. Orúkọ náà a máa kìlọ̀: ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ Treppchen ti mọ̀ kí ó tó dé Erden pé àtẹ̀gùn ń dúró dè é.

Wọ́n ní orúkọ 20,000 ti pọ̀ jù fún àlejò. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí àlejò há gbogbo rẹ̀ sórí? Orúkọ ibi kan, ibẹ̀ ni a ti nílò rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ tí ó bá gba ìpele ìrìn kan lójúmọ́ yóò kọjá nínú ọgbà mélòó kan. Bí pátákó kan bá wà ní ẹnu ọgbà kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ju èyí tí ó lè gbé lọ.

Wọ́n ní ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ orúkọ kò dájú, nítorí náà kò yẹ fún pátákó. Èyí ni ó ya ni lẹ́nu jù, nítorí pé ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ni a ti ń gbọ́ ọ. Bí a bá ní kí a má kọ́ ènìyàn ní ohun tí a ṣì ń jiyàn lé lórí, ẹ̀kọ́ wo ni yóò kù ní yunifásítì? Kí pátákó Calmont kọ ìtumọ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí ó sì sọ pé àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò. Ẹni tí ó bá gun òkè dé ibẹ̀ ní ọgbọ́n orí tí ó tó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò tíì ní ìparí.

Àtakò tí ó wúwo jù ni èyí tí ó ní orúkọ kì í gbé ògiri ró, pé owó ni ó ń gbé e ró. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú, ó sì tọ́ kí a fún un ní ìdáhùn tí ó péye. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilẹ̀ àjàrà agbègbè Mosel lé ní hẹ́kítà 12,000. Lónìí, kò tó 9,000. Ẹ̀gbẹ́ òkè líle wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po iṣẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀, owó tí ìgò wáìnì ń mú wọlé kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó iṣẹ́ náà. Ibòmíràn wà tí ẹ̀rọ kékeré orí irin kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní Monorackbahn, ni ó ń gbé òṣìṣẹ́ àti ẹrù gòkè. Ibi tí kò bá sí, ẹ̀yìn ènìyàn ni. Nígbà tí àgbẹ̀ bá lọ, igi ẹlẹ́gùn-ún a bo ilẹ̀, ògiri òkúta tí a mọ láìlo sìmẹ́ǹtì a wó, òkúta rẹ̀ a sì ya sójú ọ̀nà. Labalábá Apollo tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò Mosel, tí àwọn onímọ̀ sọ ní vinningensis nítorí abúlé Winningen, kò lè gbé inú igbó kìjikìji. Òkè gbangba tí oòrùn ń pa ni ó ń fẹ́. Àgbẹ̀, ògiri, labalábá àti ọ̀nà, okùn kan náà ni ó so wọ́n pọ̀.

Nísinsìnyí, ta ni yóò san owó tí yóò mú kí okùn náà má já? Àlejò tí ó gbà gbọ́ pé ẹ̀bùn àdámọ́ni ni òkè náà, pé Ọlọ́run ni ó tò ó bẹ́ẹ̀, kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun ra ìgò wáìnì òkè líle nígbà tí ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó mọ̀ pé àtẹ̀gùn ni Treppchen, pé ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ, pé ènìyàn ṣì ń gùn ún pẹ̀lú ẹrù, ni ó lè mọ ohun tí ó wà nínú ìgò. Ìwọ̀n ń sọ bí òkè ti le tó fún ẹni tí ó wá ṣeré. Orúkọ ni ó ń sọ ẹni tí ó le fún jù.

Ohun tí ó kan olùkọ́ èdè

Àwọn kan lè béèrè ohun tí ó kan olùkọ́ èdè ní Áfíríkà nínú ọ̀rọ̀ òkè àwọn ará Jámánì. Ó kàn án púpọ̀. A ti ń gbọ́ ọ nínú ọ̀pọ̀ àpérò pé àìkọsílẹ̀ ni ó ń pa orúkọ ibi, pé bí a bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mosel já irọ́ èrò yìí. Ilẹ̀ tí ó ní ìwé, tí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí ó péye, tí ó ní yunifásítì àti owó, ni orúkọ ti kúrò lẹ́nu tí ó sì kù sínú àpótí ìjọba. Orúkọ àwọn ilẹ̀ kéékèèké náà kò kú nínú ìwé ilẹ̀. Ojú ìgò, ojú pátákó àti ẹnu àwọn ènìyàn ni a ti lé wọn. Ìwé a máa tọ́jú orúkọ, ṣùgbọ́n ìlò ni ó ń mú un wà láàyè.

Ẹ̀kọ́ kejì wà ní etí odò kan náà. Èdè tí a ń sọ ní Luxembourg àti ẹ̀ka-èdè tí a ń sọ ní apá ti Jámánì jẹ́ ẹbí kan náà. Ní ọdún 1984, Luxembourg fi òfin sọ tirẹ̀ di èdè orílẹ̀-èdè. Ní òdìkejì odò, ọ̀rọ̀ ẹnu àgbẹ̀ ni ó ṣì jẹ́. Ààlà ni ó pín wọn, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò pín wọn. Bí ó bá ṣe pé pátákó ọ̀nà ni a fẹ́ kọ, ẹ̀ka-èdè tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pe ọgbà wọn ní Wingert, ìyẹn ọgbà wáìnì, ní ẹ̀tọ́ sí àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Weinberg, òkè wáìnì, tí èdè àjùmọ̀lò ń lò àní fún ilẹ̀ tí ó tẹ́jú.

Àsọkágbá

Ọdún 2014 tí a ṣí Moselsteig ni ọdún kan náà tí àtúnṣe òfin tún ṣí ilẹ̀kùn fún orúkọ àwọn ilẹ̀ kéékèèké láti padà sára ìgò, bí a bá ti forúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọ̀nà ṣí, orúkọ náà sì rí àyè. Ohun tí ó kù ni kí a mú àwọn méjèèjì pàdé. Kí pátákó ẹnu ọgbà kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ilẹ̀ náà bí àwọn àgbẹ̀ ti ń pè é, kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ tàbí àríyànjiyàn tí ó wà lórí ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó sì sọ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà ìkórè tí wọ́n ń wá láti Poland àti Romania. Kí ìwọ̀n gíga àti ti dídagẹ̀rẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ ìyẹn, ní àyè tí ó tọ́ sí i. Kí àwọn tí ń kọ ìwé atọ́nà fún oníkẹ̀kẹ́ ṣe bákan náà. Iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára ìjọba ìbílẹ̀ kan, kò sì gba owó tí ó tó owó ògiri kan tí ó wó.

Bí wọn kò bá ṣe é, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ìwé atọ́nà yóò ṣì máa jáde, ìwọ̀n inú rẹ̀ yóò sì pé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò ka iye mítà, tí yóò dé ìdí òkè pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí yóò sì bá igbó. Kò ní sí orúkọ tí yóò fi bi ará abúlé léèrè ibi tí ọ̀nà gbà.